Kanéṣọ̀n, Òdòdó Mẹ̀kúnnù: Òṣùbà Wa Rèé

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta òdòdó ní London tàbí ní New York, róòsì ni wọ́n á kọ́kọ́ nawọ́ sí. Òun ni wọ́n kà sí ọba. Lílì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, túlíìpù náà á rí àyè tirẹ̀ bí àsìkò rẹ̀ bá ti tó. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, nínú bákẹ́ẹ̀tì oníke, ni ẹ ó ti bá kanéṣọ̀n, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní carnation, pẹ̀lú iye owó tí kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n bá ń di ìdì òdòdó olówó gọbọi, òun ni wọ́n fi ń dí àlàfo tó wà láàárín àwọn róòsì, bí ìgbà tí èèyàn fi pọ̀nmọ́ kún ọbẹ̀ tí ẹran rẹ̀ kò tó. Ẹni tí wọ́n bá gbé ìdì náà fún á yin róòsì, kò ní rántí kanéṣọ̀n.

Ìyẹn kò tẹ́ wa lọ́rùn. Yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣèmíìràn, ni àwọn àgbà wí, òdòdó yìí sì ti ṣe ohun tó yẹ ká torí rẹ̀ yìn ín. Ó ti jókòó sí àyà àwọn ìyá, ó ti dúró sẹ́nu ìbọn, ó sì ń bọ́ ìdílé rẹpẹtẹ ní ilẹ̀ tó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo òdòdó tí wọ́n ń kó sínú ìdì, òun ló sún mọ́ mẹ̀kúnnù jù lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bó ṣe rí. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Oríkèé pọ̀ lára ọ̀pá náà, níbi oríkèé kọ̀ọ̀kan sì ni ewé méjì ti yọ, tí wọ́n kọjú síra wọn. Àwọ̀ ewé wọ̀nyí fẹ́ẹ́ jọ ti eérú. Ẹ fi àtàǹpàkò nù ún díẹ̀, ìda fẹ́lẹ́ tó bò ó á ṣí kúrò, ẹ ó sì rí àwọ̀ ewéko gidi lábẹ́ rẹ̀. Òdòdó fúnra rẹ̀ ń jáde láti inú ife kékeré kan tó gùn, tó le, tó ní àwọ̀ ewé. Inú ife yìí ni àwẹ́ òdòdó ti ń tú síta, àwẹ́ lórí àwẹ́, tí wọ́n fún pọ̀ débi pé ojú lásán kò lè ka iye wọn. Eyín wẹ́wẹ́ wà létí àwẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó kò rí báyìí o. Àwẹ́ márùn-ún péré ló ní, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ sọ́nà elésè àlùkò. Agbègbè Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ayébáyé, ọwọ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà tí wọ́n ń ṣa èyí tó wù wọ́n gbìn láti ìran dé ìran ló sì sọ ọ́ di ohun tí a ń rí lónìí: funfun, pupa, aláwọ̀ ọsàn, àti èyí tó jẹ́ pé àwọ̀ kan ló wà nínú, tí òmíràn sì yí etí rẹ̀ ká. Búlúù ni kò sí lára rẹ̀ rárá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ Florigene ní Ọsirélíà ló mú àbùdá láti ara òdòdó pẹtúníà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n fi bọ̀ ọ́ nínú, tí wọ́n fi rí elésè àlùkò tí wọ́n pè ní Moondust. Ẹ̀yà yẹn lẹ́wà, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí a mú, èyí tó pupa gan-an la ó mú.

Ní ti òórùn, ará ilé wa kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé kanéṣọ̀n tó jẹ́ ẹ̀yà àtijọ́ sún mọ́ imú: kànáfùrù ni. Kànáfùrù tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ, tí wọ́n ń kó sínú àgbo, tí wọ́n ń fi ẹyọ kan sí abẹ́ eyín tó bá ń dùn wọ́n. Èròjà kan náà, eugenol, ló wà nínú àwọn méjèèjì, òun ló ń mú kí wọ́n jọ ta sánsán bẹ́ẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó ń gbìn ín fún títà ti lé ẹwà ojú àti ìfaradà títí òórùn fi ń sọnù lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà. Èyí tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ lè fimú sí i títí kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan.

Ìfaradà yẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Róòsì tí ẹ gbé sínú omi lọ́jọ́ Ajé lè ti tẹrí ba kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Kanéṣọ̀n tí wọ́n gé lásìkò, tí wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀, á lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè wọ ìkẹta. Ọlọ́jà mọ̀ bẹ́ẹ̀, aláboyún tó wà ní ọsibítù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó láti máa ra òdòdó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì mọ̀ ọ́n jù. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú fẹ́ràn èyí tó funfun, nítorí bí wọ́n bá ki ọ̀pá rẹ̀ bọ inú omi tí wọ́n po aró sí, àwọn ọmọ kíláàsì á fojú ara wọn rí i bí àwọ̀ náà ṣe ń gòkè títí á fi dé etí àwẹ́ òdòdó. Bí àkókò bá wá tó tó fẹ́ kú, kì í da àwẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí róòsì ti ń ṣe. Ńṣe ló máa ń ká wọn jọ, tí á kó wọn wọnú ara rẹ̀, tí á sì gbẹ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀pá.

Ìṣe yìí ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Anna Jarvis, rí lára rẹ̀ tó fi sọ ọ́ di òdòdó àwọn ìyá. Ó ní bí kanéṣọ̀n ṣe ń kó àwẹ́ rẹ̀ mọ́ àyà títí dójú ikú, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe ń kó ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ìyá tirẹ̀, Ann Reeves Jarvis, kì í ṣe gbajúmọ̀ olówó. Ìpínlẹ̀ West Virginia ló ń gbé, ó kó àwọn obìnrin jọ ní àdúgbò rẹ̀ láti gbógun ti àìsàn tó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ nítorí omi ìdọ̀tí àti àìmọ́tótó, nígbà tí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà sì dé, àwọn obìnrin wọ̀nyí tọ́jú ọmọ ogun apá méjèèjì láìbéèrè ẹni tó jàre. Ó kú ní ọdún 1905. Kanéṣọ̀n funfun ni òdòdó tó fẹ́ràn jù. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣe ìsìn ìrántí àwọn ìyá ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1908 ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan ní ìlú Grafton, 500 kanéṣọ̀n funfun ló fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí i pé kí gbogbo Amẹ́ríkà máa ṣe Ọjọ́ Ìyá. Àṣà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú á fi funfun sí àyà aṣọ, ẹni tí tirẹ̀ ṣì wà láyé á fi pupa sí i. (Ọjọ́ Ìyá tí àwọn ìjọ Áńgílíkà tiwa ń ṣe nínú Lẹ́ńtì, orísun ọ̀tọ̀ ló ní, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a dà wọ́n pọ̀.)

Ohun tó dùn wá nínú ìtàn Anna Jarvis ni ibi tó parí sí. Àwọn oníṣòwò rí ọjà. Bí oṣù Karùn-ún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, owó kanéṣọ̀n á fò sókè, ẹni tó dá ọjọ́ náà sílẹ̀ sì bá wọn wọ ìjà. Ó kọ lẹ́tà, ó pe ẹjọ́, ó já wọ ibi ìpàdé. Ní ọdún 1925, ó wọ àpéjọ àwọn ìyá ọmọ ogun kan ní Philadelphia lọ láti ṣàtakò pé wọ́n ń ta kanéṣọ̀n kó owó jọ, ọlọ́pàá sì mú un. Kò bímọ, kò là, ilé ìtọ́jú aláìsàn ló kú sí ní 1948. Àwọn kan ń pè é ní alágídí. Àwa kò pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó fẹ́ kò ju pé kí ọmọ fi òdòdó kan tí owó rẹ̀ ká a kí ìyá rẹ̀, kí ó má sì di gbèsè sí i lọ́rùn. Kí orúkọ rẹ̀ má parun.

Àwọn ará Gúúsù Kòríà gba ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì fi tiwọn kún un. Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ni Ọjọ́ Òbí lọ́dọ̀ wọn, ọmọ á sì fi kanéṣọ̀n pupa sí àyà bàbá àti ìyá rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Yorùbá tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń kúnlẹ̀, kò ní í béèrè ìtumọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì Oxford ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ jókòó fún ìdánwò àkọ́kọ́ á fi funfun sí àyà, á wá máa fi olómi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, títí dé ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn tó jẹ́ ti pupa. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú pópó á ti mọ bóyá "o kú orí ire" ni òun máa kí i àbí "o kú ìfaradà".

Àmọ́ tí kì í bá ṣe ti Lisbon, bóyá a kì bá tí gbé kálámù rárá.

Ní ọdún 1974, Pọ́túgàl ti lo ọdún 48 lábẹ́ ìjọba apàṣẹwàá. António Salazar ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí àìsàn sì gbé e dè ní 1968, Marcelo Caetano bọ́ sí ipò rẹ̀. Ọlọ́pàá inú tí wọ́n ń pè ní PIDE ń gbọ́ ohun tí ọkọ ń bá aya sọ. Láti 1961 ni wọ́n ti ń jagun ní Àngólà, láti 1963 ní Guinea-Bissau, láti 1964 ní Mòsáńbíìkì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n sì fi agbára kó sínú iṣẹ́ ọmọ ogun ni wọ́n ń rán lọ kú síbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun tí ipò wọn kò ga, àwọn kápútẹ́nì pàápàá, ló pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀gànjọ́ òru kọjá díẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, iléeṣẹ́ rédíò Renascença gbé orin José Afonso kan sáfẹ́fẹ́, "Grândola, Vila Morena". Orin yẹn ni àmì tí wọ́n jọ fohùn sí. Kápútẹ́nì Salgueiro Maia kó ọkọ̀ ogun rẹ̀ jáde láti Santarém, ó dorí kọ Lisbon.

Obìnrin kan wà ní Lisbon láàárọ̀ ọjọ́ náà tí kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Celeste Caeiro ni orúkọ rẹ̀, ẹni 40 ọdún, òṣìṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní òpópónà Braamcamp. Ọjọ́ yẹn ni ilé oúnjẹ náà pé ọdún kan tí wọ́n ṣí i, ọ̀gá wọn sì ti ra kanéṣọ̀n pupa àti funfun sílẹ̀ láti fi dá àwọn oníbàárà lọ́lá, nítorí àsìkò wọn ni, wọ́n sì pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí ìròyìn sójà dé, ó ní òun kò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, kí olúkúlùkù máa lọ sílé, kí wọ́n sì kó òdòdó náà lọ kó má bàa rọ síbẹ̀. Celeste gbé ìdì tirẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Rossio, ó ń rìn lọ sílé ní àdúgbò Chiado, ló bá bá ọkọ̀ ogun lójú ọ̀nà.

Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó bi sójà kan pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Sójà náà ní Caetano ni àwọn ń lọ mú ní bárékè Carmo, ó sì bi í bóyá ó ní sìgá. Celeste kì í mu sìgá. Ó wò yíká bóyá ó lè rí ibi tí á ti ra nǹkan fún un, gbogbo ìsọ̀ ló ti tì. Ó wá fa kanéṣọ̀n kan yọ nínú èyí tó gbé dání, ó nà án sí i. Sójà náà gbà á, ó ki í bọ ẹnu ìbọn rẹ̀. Celeste fún ìkejì, ó fún ìkẹta, ó ń fún wọn lọ títí ìdì ọwọ́ rẹ̀ fi tán. Àwọn obìnrin tó ń ta òdòdó lójú pópó rí i, wọ́n bá a dá sí i, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, kanéṣọ̀n ti wà lẹ́nu ìbọn, ní àyà aṣọ ogun, àti lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó gun orí ọkọ̀ ogun. Ní ìrọ̀lẹ́, Caetano gbé ìjọba sílẹ̀ fún Ọ̀gágun Spínola nínú Carmo. Ẹni mẹ́rin ni àwọn PIDE yìnbọn pa níwájú ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tó juwọ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin yẹn kò yẹ ní ẹni ìgbàgbé rárá. Ṣùgbọ́n ìfipágbajọba tó lé ìjọba tó ti fẹ́ẹ́ pé àádọ́ta ọdún lọ, tó jẹ́ pé àwọn tó ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ má ta ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀ sílẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Ìyípadà Olókanéṣọ̀n ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní 25 oṣù Kẹrin 1975, àwọn Potogí jáde dìbò òmìnira.

Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí nìyí: ẹnikẹ́ni kò yan kanéṣọ̀n. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó láti wá àmì ẹ̀yẹ. Ká ní Celeste ń mu sìgá ni, orúkọ tí ìtàn ì bá fi pe ọjọ́ yẹn ì bá yàtọ̀. Òdòdó náà wà níbẹ̀ nítorí pé ó pọ̀, nítorí pé kò wọ́n, nítorí pé ó lè wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kí ó sì fún ẹni tí kò mọ̀ rí láìro owó. Róòsì olówó iyebíye kò lè débẹ̀. Ẹni tó bá ń pe kanéṣọ̀n ní òdòdó tó pọ̀ jù, kí ó mọ̀ pé pípọ̀ rẹ̀ ló gbé e dé ẹnu ìbọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán lèyí. Àwọn sójà Potogí kò ṣàdédé káàárẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń jà nínú igbó láti ọdún mẹ́tàlá ló tán wọn lókun, àwọn tí Amílcar Cabral kó jọ ní Guinea-Bissau kí wọ́n tó pa á ní Conakry ní 1973, àti àwọn ti Agostinho Neto ní Àngólà àti Samora Machel ní Mòsáńbíìkì. A kò ní í gba ògo wọn fún òdòdó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kápútẹ́nì Lisbon kọ̀ láti jagun mọ́, ilẹ̀kùn ṣí kánkán. Pọ́túgàl gba òmìnira Guinea-Bissau wọlé nínú oṣù Kẹsàn-án 1974. Mòsáńbíìkì gba tirẹ̀ ní 25 oṣù Kẹfà 1975, Cape Verde àti São Tomé tẹ̀ lé e ní oṣù Keje, Àngólà ní 11 oṣù Kọkànlá, ìjọba Murtala Muhammed nílẹ̀ wa sì wà lára àwọn tó tètè kéde láàárín oṣù kan náà pé ẹgbẹ́ MPLA ti Neto làwọn mọ̀. Ó tún kan ìtòsí ilé wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé olódi Potogí tó wà ní Ouidah, èyí tí wọ́n ń pè ní Ajudá, ìjọba Dahomey gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1961. Ìwọ̀nba Potogí tó kù níbẹ̀ gbìyànjú láti dáná sun ún kí wọ́n tó jáde, Salazar sì ṣẹ́ kanlẹ̀ pé ti àwọn ni. Ọdún 1975, lẹ́yìn tí kanéṣọ̀n ti dé ẹnu ìbọn, ni Pọ́túgàl tó gbà pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

Celeste Caeiro kò là nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Iná ńlá tó jó Chiado ní 1988 jó ibi tó ń gbé mọ́ ẹrù rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí ìyípadà náà pé àádọ́ta ọdún ní 2024, ìyá arúgbó náà tún jáde sí ìgboro Lisbon pẹ̀lú kanéṣọ̀n lọ́wọ́. Ó kú nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ẹni ọdún 91. Sùn un re, ìyá. O káre láéláé.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan tí àwọn tó ń kọ nípa òdòdó kì í fẹ́ dé: àwọn tó ń gbìn ín. Nígbà kan rí, àgbègbè Denver ní Colorado ni orúkọ rẹ̀ dún jù nídìí kanéṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ní 1967, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, David Cheever, kọ iṣẹ́ kan lórí ibi tó dára jù láti máa gbin òdòdó títà, èsì tó sì rí ni ilẹ̀ títẹ́jú tó yí Bogotá ká ní Kòlóńbíà. Ibẹ̀ ga tó 2,600 mítà, òtútù rẹ̀ mọ níwọ̀n, oòrùn sì ń ràn fún nǹkan bíi wákàtí 12 lójúmọ́ yípo ọdún nítorí pé ó sún mọ́ agbedeméjì ayé. Ní 1969, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn dá Floramérica sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Colorado kò lè bá wọn du ọjà náà títí. Lónìí Kòlóńbíà ló ń kó kanéṣọ̀n ránṣẹ́ sókè òkun jù láyé.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ ọwọ́ pọ́ńbélé sì ni. Bí ọ̀pá kanéṣọ̀n bá ti ń ga, wọ́n á na àwọ̀n mọ́ ọn lára kó má bàa wó. Wọ́n á máa fi ọmọ ìka já àwọn ìrudi tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dànù, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo oúnjẹ lè lọ sọ́dọ̀ èyí tó wà lókè. Èyí tí ife rẹ̀ bá fẹ́ẹ́ ya nítorí pé àwẹ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í lọ́rùn. Kí ó tó ṣí tán ni wọ́n á gé e, wọ́n á ṣà á bó ṣe gùn sí, wọ́n á dì í, ó di yàrá tútù, ó di inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Miami. Bí ọjọ́ àwọn olólùfẹ́ nínú oṣù Kejì tàbí Ọjọ́ Ìyá bá ti ń bọ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í tètè délé. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti pariwo tipẹ́ lórí wákàtí iṣẹ́, owó oṣù àti oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fà símú. Nǹkan ti sàn ní àwọn oko kan, kò tíì sàn ní òmíràn. A ò lè máa yin òdòdó kí a má kí ẹni tó fi ìka já ìrudi rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira, ẹ ó jèrè o.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn kanéṣọ̀n, a mọ̀. Àwọn òṣèré orí ìtàgé ilẹ̀ Faransé kì í fẹ́ rí i. Ìtàn wọn ni pé òun ni wọ́n fi ń dá obìnrin tí wọn kò ní í gbà síṣẹ́ mọ́ lóhùn láyé àtijọ́, tí ẹni tí wọ́n ń bá lọ sì ń gba róòsì. Àwọn obìnrin Pólàńdì kan ṣì ń rántí ìgbà ìjọba kọ́múníìsì, tí ọ̀gá iléeṣẹ́ á fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, tí á sì kà á sí pé òun ti ṣe tán. Ààrẹ William McKinley ti Amẹ́ríkà tó máa ń fi pupa sí àyà kóòtù bọ́ tirẹ̀ fún ọmọdébìnrin kan ní Buffalo ní 1901, kò pẹ́ tí wọ́n fi yìnbọn lù ú, àwọn kan sì ní orí ire rẹ̀ ló bọ́ fún ọmọ. Àwa kò gba ìyẹn gbọ́. Ìpínlẹ̀ tirẹ̀, Ohio, kò sì gbà á gbọ́: ní 1904 wọ́n sọ kanéṣọ̀n pupa di òdòdó ìpínlẹ̀ wọn ní ìrántí rẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, òdòdó oníke tàbí aláṣọ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ìyàwó tuntun, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Òdòdó tútù tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní London, ní Houston, ní Toronto, tí kanéṣọ̀n wà nínú bákẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì yín, ẹ má fi í ṣe àkúnpọ̀ mọ́. Ẹ rà á fúnra rẹ̀. Ẹ di mẹ́wàá pupa pọ̀ láìfi òdòdó mìíràn là á, kí ẹ gbé e fún ìyá yín, fún nọ́ọ̀sì tó tọ́jú yín, fún ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yín. Kò sí ìtìjú nínú pé kò wọ́n.

Tí ẹ bá wá gbé e délé, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ọ̀pá rẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, láàárín oríkèé méjì, torí omi kì í gba orí oríkèé wọlé dáadáa. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ méjì méjì. Ẹ má sì gbé e sórí tábìlì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí èso tó ti pọ́n wà, nítorí afẹ́fẹ́ ethylene tí èso ń tú jáde bó bá ń pọ́n máa ń pa kanéṣọ̀n ju ọ̀pọ̀ òdòdó lọ, èyí tí ì bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè ti ká jọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.